Ojú Ọjọ́ ní Rigasa: Ohun tí Àwọn Ọ̀rọ̀ Àsọtẹ́lẹ̀ Túmọ̀ sí

Ojú ọjọ́ ni ipò tí ooru, afẹ́fẹ́, ìkúùkù àti òjò wà ní ibi kan ní àkókò kan pàtó, ìbáà jẹ́ fún wákàtí kan tàbí fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ìṣesí ojú ọjọ́ jẹ́ àpapọ̀ ohun tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Àjọ Àgbáyé fún Ojú Ọjọ́, WMO, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Geneva, fi ọgbọ̀n ọdún ṣe òṣùwọ̀n fún èyí ìkejì, ọgbọ̀n ọdún tí ó sì wà lójú ìlò báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó parí ní 2020. Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ ní Rigasa ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, ojú ọjọ́ nìyẹn. Bí àwọn onímọ̀ bá sì ní oṣù kejì kì í sábà lójò ní Rigasa, ìṣesí ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ, òjò ọ̀sán kan náà kò sì sọ ọ̀rọ̀ wọn di irọ́. Ọ̀rọ̀ yòówù kí rédíò lò nípa ojú ọjọ́, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùgbọ́ mọ̀ kí ó tó lè fi ṣe nǹkan: ohun tí wọ́n wọ̀n, àkókò tí ìwọ̀n náà wà fún, àti ibi tí ó kàn.

Rigasa jẹ́ àdúgbò ńlá tí èrò kún fọ́fọ́ ní ìwọ̀ oòrùn ìlú Kàdúná, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, níbi tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń bọ̀ láti Àbújá ti ń gúnlẹ̀ láti ọdún 2016. Ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá ààbọ̀ sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ilẹ̀ rẹ̀ ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi 600 mítà, òkun sì jìnnà sí i ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ohun mẹ́ta yìí ni ó pinnu irú ooru, afẹ́fẹ́ àti òjò tí ó ń rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Kàdúná ni ó jẹ́ pé bí òjò ṣe ń rọ̀ nílé baba wọn ni wọ́n fi ń ka oṣù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn tàbí àkọ́rọ̀ òjò, kì í bọ́ sí oṣù kan náà níhà méjèèjì.

Ooru àti ọ̀rinrin

Ìwọ̀n ooru tí rédíò ń kéde kì í ṣe ti títì tí oòrùn ń pa, bí kò ṣe ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lábẹ́ ìbòòji. Inú àpótí funfun kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àlàfo ni wọ́n ń gbé tẹmómítà sí, ní ìwọ̀n mítà kan àti díẹ̀ sí mítà méjì lókè ilẹ̀, kí oòrùn má baà ràn án tààrà, kí afẹ́fẹ́ sì lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Thomas Stevenson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó ṣe irú àpótí yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Bí a bá gbọ́ pé Kàdúná yóò gbóná dé 37°C, ìwọ̀n tí wọ́n ń sọ jẹ́ ti irú ibi gbalasa bẹ́ẹ̀. Inú yàrá tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù láìní síìlì, ní àdúgbò tí ilé ti fara kan ilé tí igi kò sì pọ̀, yóò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé páànù, bíríkì àti kọnkéré ń gba ooru sára lọ́sàn-án, wọ́n sì ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀ títí di òru. Ìdí nìyí tí ìlú ńlá fi máa ń gbóná ju oko àyíká rẹ̀ lọ, pàápàá lóru.

Ooru ọjọ́ kan ní ìwọ̀n méjì tí wọ́n máa ń kọ sílẹ̀: èyí tí ó ga jù, tí ó sábà máa ń wáyé láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, àti èyí tí ó kéré jù, tí ó máa ń wáyé ní ìdájí kí oòrùn tó yọ. Ní Kàdúná, oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ooru ọ̀sán ń le jù, tí ó sì máa ń kọjá 35°C, nígbà tí ìdájí oṣù kejìlá àti oṣù kìíní lè tutù dé nǹkan bíi 15°C. Àlàfo láàárín ọ̀sán àti òru fẹ̀ nígbà ọyẹ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ, ìkúùkù kò sì sí, tí ooru ilẹ̀ fi ń fò lọ lóru láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Nínú oṣù kẹjọ ẹ̀wẹ̀, ìkúùkù ń ṣe bí aṣọ ìbora, ó ń bo oòrùn lọ́sàn-án, ó sì ń pa ooru mọ́ lóru, àlàfo náà a sì dínkù.

Ọ̀rinrin ni omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ ń kéde ni ìdá ọ̀rinrin, èyíinì ni ìfiwéra omi tí afẹ́fẹ́ gbé pẹ̀lú èyí tí ó pọ̀ jù tí ó lè gbé ní ìwọ̀n ooru tí ó wà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé omi púpọ̀ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ: àyè tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan kò lè gba ju nǹkan bíi gíráàmù omi 13 lọ ní 15°C, ṣùgbọ́n ní 35°C ó lè gba nǹkan bí 40. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tí ìdá ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìdájí lè dé nǹkan bí 30 ní ọ̀sán láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan jáde kúrò nínú rẹ̀. Ooru nìkan ni ó yí padà. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù dé ibi tí kò ti lè gbé omi inú rẹ̀ mọ́, omi náà a sẹ̀ sára koríko àti páànù, òun sì ni ìrì. Ìwọ̀n ooru tí èyí ti ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ojú ìwọ̀n ìrì, ó sì wúlò fún wọn ju ìdá ọ̀rinrin lọ, nítorí pé kì í yí padà kìkì nítorí pé ilẹ̀ mọ́ tàbí pé ọ̀sán pọ́n.

Ọ̀rinrin yìí ni ó fà á tí ooru kan náà kì í fi rí bákan náà lára. Òógùn tí ó ń gbẹ ni ó ń mú ara tutù, ó sì ń tètè gbẹ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, èyí tí ó mú kí 36°C inú oṣù kẹta ní Rigasa lè rọ ènìyàn lọ́rùn ju 33°C ti Èkó lọ, níbi tí òógùn ti ń ṣàn lára tí kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ara ń pàdánù omi láìjẹ́ pé aṣọ tutù, ọmọdé àti arúgbó sì lè gbẹ nínú kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n.

Ìpàdé afẹ́fẹ́ méjì

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe ibi tí ó ń lọ. Afẹ́fẹ́ àríwá ni èyí tí ó ti àríwá wá. Ohun tí ó ń lé e rìn ni ìyàtọ̀ ìwúwo afẹ́fẹ́ láti ibi kan sí èkejì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń ṣí láti ibi tí ìwúwo yìí ti pọ̀ lọ sí ibi tí ó ti kéré. Ìwọ̀n rẹ̀ ní etí òkun máa ń wà ní nǹkan bí 1013 lórí òṣùwọ̀n hectopascal, ó sì ń dínkù bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe sí ìwọ̀n ti Kàdúná kí wọ́n tó fi wé ti Èkó.

Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọdún láàárín ara wọn ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan ń ti Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn, ó gbẹ, ó sì máa ń gbé eruku, òun ni ọyẹ́. Ibi tí wọ́n ti pàdé lórí ilẹ̀ ni ìlà ìpàdé afẹ́fẹ́, tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi ojú ìwọ̀n ìrì 15°C wá rí lórí àwòrán ilẹ̀. Ìlà yìí ń tẹ̀ lé oòrùn: ní oṣù kìíní ó máa ń sún mọ́ etí òkun, ní oṣù kẹjọ a ti kọjá ààlà Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Niger. Òjò kì í pọ̀ lórí ìlà náà gan-an, nítorí pé afẹ́fẹ́ olómi fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan sí gúúsù rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ olómi ti jinlẹ̀, ni òjò ti ń rọ̀ dáadáa.

Ìrìn ìlà yìí ni ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín ìgbà òjò ti Rigasa àti ti ilẹ̀ Yorùbá. Ìpínlẹ̀ òjò ńlá ń kọjá lórí Ìbàdàn ní ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tí ó ń gòkè lọ ní oṣù karùn-ún sí oṣù keje àti nígbà tí ó ń padà bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, tí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré inú oṣù kẹjọ sì wà láàárín wọn. Rigasa wà níbi tí ìpínlẹ̀ náà ti ń dé ṣóńṣó ìrìn rẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òjò ń ga jù níbẹ̀, ìyẹn sì ni oṣù kẹjọ gan-an tí òjò ń sinmi ní gúúsù. Àpapọ̀ òjò ọdún kan ní Kàdúná jẹ́ nǹkan bí 1,200 mìlímítà, kò sì jìnnà púpọ̀ sí ti Ìbàdàn; ṣùgbọ́n oṣù bí mẹ́jọ ni Ìbàdàn fi ń gba tirẹ̀, nígbà tí Kàdúná ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ láàárín oṣù márùn-ún, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Irú ìṣesí ojú ọjọ́ báyìí, tí ẹ̀ẹ̀rùn gígùn kan àti ìgbà òjò kan pín ọdún, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ti ilẹ̀ ọ̀dàn.

Èdè Haúsá tí gbogbo ènìyàn ń sọ ní Rigasa pín ọdún náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ Yorùbá ibẹ̀ sì ń lo àwọn orúkọ náà nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Damina ni ìgbà òjò, kaka ni ìgbà ìkórè nígbà tí òjò ń kásẹ̀, hunturu ni ìgbà ọyẹ́ tútù, bazara sì ni àkókò ooru líle tí ó ṣáájú òjò, nígbà tí rani jẹ́ orúkọ gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lápapọ̀. Ìpín yìí bá ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n mu, nítorí pé hunturu ni ìwọ̀n ooru ìdájí ti ń kéré jù, bazara sì ni ìwọ̀n ooru ọ̀sán ti ń ga jù.

Ọyẹ́, eruku àti kùrukùru

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eruku àdúgbò nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ilẹ̀ títẹ̀ kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá ní ayé àtijọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń gbé ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú sókè tí ó sì ń gbé e dé Nàìjíríà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí Àjọ tí ó ń rí sí Ojú Ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, ń kéde ní àkókò yìí ni bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, èyíinì ni ọ̀nà tí ó jìnnà jù tí ènìyàn ti lè rí ohun ńlá kan kí ó sì dá a mọ̀. Bí eruku bá mú kí ìwọ̀n yìí dínkù sí 1,000 mítà tàbí kí ó kéré sí i, eruku líle ni wọ́n ń pè é, ó sì lè mú kí ọkọ̀ òfuurufú má lè balẹ̀ ní Kàdúná tàbí Kano.

Kùrukùru yàtọ̀ sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń bo ojú ọ̀nà. Ẹ̀kán omi kéékèèké ni kùrukùru, ó ń wáyé nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ó sì máa ń túká bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, nígbà tí eruku ọyẹ́ jẹ́ ohun gbígbẹ tí ó lè wà lójú sánmà fún ọjọ́ mélòó kan láìka oòrùn sí. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún awakọ̀ tí ó fẹ́ gba ọ̀nà Àbújá ní ìdájí: ẹni tí kùrukùru dá dúró lè retí kí oòrùn yọ, ṣùgbọ́n ẹni tí eruku dá dúró ní láti gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ ìlera so mọ́ àkókò yìí pẹ̀lú. Ní 1963 ni Lapeyssonnie, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàpèjúwe ìpínlẹ̀ kan tí ó na kọjá Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà níbi tí àrùn yírùnyírùn, tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau, ti ń jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Kàdúná sì wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku ń ṣe imú àti ọ̀nà ọ̀fun léṣe, èyí sì wà lára ohun tí ó ń ran àrùn náà lọ́wọ́, pẹ̀lú kí ènìyàn púpọ̀ máa sùn nínú yàrá tóóró kan. Nígbà tí òjò bá dé, àrùn náà a máa rọlẹ̀.

Ìkúùkù, ìjì àti àrá

Luke Howard, apoògùn kan ní London, ni ó to ìkúùkù sí ìsọ̀rí ní 1802, ìsọ̀rí rẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ èyí tí gbogbo ayé ń lò. Nínú gbogbo ìkúùkù, èyí tí ó kan Rigasa jù ni ìkúùkù àrá, tí Haúsá ń pè ní hadari bí ó bá ti ń ṣú bọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè wà ní nǹkan bíi kìlómítà kan sókè ilẹ̀ kí orí rẹ̀ sì ga tó kìlómítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí òtútù ti sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín. Yìnyín tí ó bá tóbi tó láti má yọ́ kí ó tó dé ilẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń ṣà nígbà mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò.

Ìkúùkù àrá sábà máa ń tò ní ọ̀wọ́ gígùn, tí ó ń rìn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, èyí tí ó yàtọ̀ sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ olómi gbà wá. Òjò tí ó ń rọ̀ nínú rẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ tutù, afẹ́fẹ́ tútù tí ó wúwo náà a wó lulẹ̀, a sì tàn síwájú òjò pẹ̀lú agbára. Ìjì nìyí, tí ó ń gbé eruku pupa, tí ó ń ṣí páànù, tí ó sì ń mú ooru rọlẹ̀ lójijì kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó bọ́. Oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún, nígbà tí òjò ń wọlé, àti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, nígbà tí ó ń kásẹ̀, ni ìjì ń le jù, nítorí náà kí oṣù kẹta tó parí ni ó yẹ kí wọ́n ti kan òrùlé tí ó bá tú.

Mànàmáná ni iná tí ó ń ta láàárín ìkúùkù méjì tàbí láàárín ìkúùkù àti ilẹ̀. Ó ń mú afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ gbóná dé nǹkan bí 30,000°C, afẹ́fẹ́ náà a sì fẹ̀ lójijì, ariwo fífẹ̀ yẹn sì ni àrá, tí ìṣẹ̀ṣe Yorùbá so mọ́ Ṣàngó. Ìṣẹ́jú kan náà ni méjèèjì ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yára ju ohùn lọ, ohùn sì ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín mànàmáná àti àrá dọ́gba pẹ̀lú kìlómítà kan. Ibi tí ènìyàn bá ti ń gbọ́ àrá rárá, mànàmáná lè dé ibẹ̀, abẹ́ igi kò sì jẹ́ ibi ààbò.

Ìwọ̀n òjò àti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn òjò, èyíinì ni gíga tí omi yóò ní lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú bí kò bá ṣàn, tí kò sì wọlẹ̀. Mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà omi kan gan-an. Bí òjò 50 mìlímítà bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó gùn ní mítà mẹ́wàá tí ó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́jọ, 4,000 lítà omi ni ó ń ti orí ilé kan náà wálẹ̀, ìyẹn ogún dúrọ́ọ̀mù onílítà 200. Ẹni tí ó bá sì fi èyí ṣe ìṣirò fún ilé ọgọ́rùn-ún ní òpópónà kan yóò mọ iye omi tí gọ́tà kan ṣoṣo ní láti gbé.

Orúkọ òjò tún ń tẹ̀ lé bí ó ṣe yára tó. Òjò wínníwínní ni èyí tí ẹ̀kán rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà ní fífẹ̀. Òjò tí ó bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà 2.5 ní wákàtí kan jẹ́ òjò fẹ́ẹ́rẹ́, láti ibẹ̀ sí 10 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, láti 10 sókè jẹ́ òjò líle, èyí tí ó bá sì dé 50 ní wákàtí kan ni ọ̀wààrà tí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo lè mú mìlímítà kan náà wá pẹ̀lú òjò ọjọ́ mẹ́ta tí ó ń rọra rọ̀, kí ti ọ̀sán kan yẹn sì wọ ilé, kí ti ọjọ́ mẹ́ta má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àkọ́rọ̀ òjò kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò, àṣìṣe níhìn-ín sì ti sọ ọ̀pọ̀ irúgbìn nù. Kowal àti Knabe, tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí òjò àríwá Nàìjíríà ní Samaru, nítòsí Zaria, tẹ ìwé àwòrán ilẹ̀ jáde ní 1972, nínú èyí tí wọ́n ti là á sílẹ̀ pé ìgbà òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí òjò ti tó mìlímítà 25, bí òjò ọjọ́ mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e bá tó, ó kéré tán, ìdajì omi tí ilẹ̀ àti ewéko ń pàdánù sínú afẹ́fẹ́. Apá kejì òfin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ó ń ya òjò tí yóò dúró sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí yóò tan àgbẹ̀ láti gbin àgbàdo tàbí ọkà bàbà, kí ó tó dáwọ́ dúró tí irúgbìn a sì jóná nínú ilẹ̀. Irú ìdáwọ́dúró bẹ́ẹ̀, tí ó ń gba ọjọ́ mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìgbà òjò, wà lára ohun tí NiMet ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún, pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ọjọ́ tí àrọ̀kúrò yóò rọ̀ àti àpapọ̀ tí wọ́n ń retí.

Omíyalé

Omíyalé oríṣi méjì ni ó yẹ kí ará Kàdúná mọ̀ yàtọ̀ síra. Èkíní ni ọ̀gbàrá òjijì, tí ó ń wáyé láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn òjò líle nítorí pé ilẹ̀ kò lè mu omi náà tán, gọ́tà kò sì lè gbé e. Kò nílò odò kankan, àdúgbò tí ilé pọ̀ bíi Rigasa, níbi tí páànù àti kọnkéré ti bo ilẹ̀, ni ó sì ń bá jà jù. Èkejì ni àkúnya odò. Odò Kàdúná ń ti ẹ̀gbẹ́ òkè Jos wá kí ó tó la ìlú kọjá lọ sí ìdídò Shiroro àti Odò Ọya, nítorí náà òjò tí ó rọ̀ ní òkè odò ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú lè mú kí omi kún bo bèbè ní ìlú tí oòrùn ti ń ràn.

Àjọ mìíràn, NIHSA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn odò, ni ó ń sọ ti omíyalé tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Iye tí ó bá irú ewu yìí rìn kò kéré: ní 2012, NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀ràn pàjáwìrì, kà á pé ènìyàn 363 ni omíyalé pa ní Nàìjíríà, tí ó sì lé mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ kúrò nílé, nígbà tí ti 2022 pa ènìyàn tí ó lé ní 600, ó sì lé ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ jáde.

Èdè àsọtẹ́lẹ̀

Nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ bá ní òjò àrá yóò wà ní ibi kọ̀ọ̀kan ní Kàdúná, ohun tí ó ń sọ ni pé apá kékeré nínú ìpínlẹ̀ náà ni yóò rí òjò, láìmọ èwo gan-an; bí ó bá ní òjò yóò wà káàkiri, ibi púpọ̀ ni ó ń retí. Ẹni tí òjò kò rọ̀ sí ní Rigasa nígbà tí ó rọ̀ ní Zaria kò lè ní wọ́n parọ́, nítorí pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, kì í ṣe àdúgbò. Bákan náà, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún pé òjò yóò rọ̀ kò túmọ̀ sí pé yóò rọ̀ fún ìdá 60 ọjọ́ náà, tàbí pé yóò le tó bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ó bá rí bí èyí, mẹ́fà ni yóò lójò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ń da ènìyàn láàmú ni òjò bí ó ti yẹ, tí ó lè pọ̀ jù tàbí kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ọdún ti ibi kan náà ni òṣùwọ̀n èyí. Òjò 800 mìlímítà jẹ́ ọ̀pọ̀ òjò ní Maiduguri, ṣùgbọ́n ọ̀dá ni ní Kàdúná. Àròpọ̀ ọdún kò sì sọ bí yóò ṣe pín, ìdí nìyí tí ọdún tí òjò rẹ̀ tó fi lè ní ìdáwọ́dúró tí ó ba oko jẹ́ àti omíyalé tí ó ba ilé jẹ́ nínú oṣù mẹ́rin péré.

Ìyípadà tí ó ń gba ọdún pípẹ́

Ọ̀dá kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ àkókò gbígbẹ tí gbogbo ènìyàn ń retí lọ́dọọdún, ọ̀dá sì ni àìtó òjò ní àkókò tí ó yẹ kí ó rọ̀. Irú rẹ̀ ni ó pa màlúù àti oko run ní etí Sàhárà, títí dé àríwá Nàìjíríà, ní 1972 sí 1973 àti ní 1983 sí 1984. Lára ohun tí ó lè fa irú rẹ̀ ni El Niño, gbígbóná omi Òkun Pàsífíìkì lágbedeméjì ayé ní ọdún mélòó kan sí ara wọn, tí ó ń yí ìrìn afẹ́fẹ́ ayé padà, tí ó sì sábà máa ń dín òjò kù ní etí Sàhárà.

Ìyípadà ìṣesí ojú ọjọ́ yàtọ̀ sí lílọ-bíbọ̀ irú èyí. Ó dá lórí ìmóoru ayé, tí afẹ́fẹ́ carbon dioxide láti ara epo, gáàsì, èédú àti igbó tí a ń sun jẹ́ olórí okùnfà rẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yìí jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kọjá 420 báyìí. Ayé ti gbóná sí i ní ohun tí ó ju 1°C lọ láti ìgbà náà, WMO sì kéde 2024 gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ó gbóná jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀. Nítorí pé ìwọ̀n 1°C kan ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rinrin tí ó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, òjò tí ó bá rọ̀ lè le jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ọjọ́ òjò kò tilẹ̀ pọ̀ sí i. Síbẹ̀, òjò líle kan ṣoṣo ní Rigasa kò tó ẹ̀rí, ọjọ́ tútù kan kò sì tú u; àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ nìkan ni ó lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ayé ń gbà dojú kọ ọ̀ràn yìí, ìyẹn dídín ohun tí ó ń fà á kù àti mímúra sílẹ̀ de ohun tí kò ṣeé yẹ̀ mọ́. Àdéhùn Paris ti 2015 fi ẹsẹ̀ èkíní múlẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ìyípadà yìí ní 2021. Èkejì wà lọ́wọ́ àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó lè dá òjò oṣù kẹjọ dúró ní Rigasa, ṣùgbọ́n oṣù tí yóò pọ̀ jù kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: kí wọ́n kó pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà kí oṣù kẹrin tó wọlé, kí wọ́n má kọ́ ilé sójú ọ̀nà omi, kí wọ́n gbin igi ìbòòji sí àgbàlá, kí àwọn tí ó lóko ní Igabi sì dúró de ìbẹ̀rẹ̀ òjò gidi kí wọ́n tó gbin ọkà.